Ọdún 1961: Ìtàn Ilé-Ẹ̀kọ́ Méjì, Ọ̀kan ní Dallas, Ọ̀kan ní Ifẹ̀

 

Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó máa ka ìtàn yìí lọ, ẹ ṣí báàgì ilé-ìwé yín. Ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò tí ẹ fi ń ṣe algebra jáde, kí ẹ wo iwájú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí orúkọ Texas Instruments níbẹ̀, tàbí lẹ́tà méjì péré: TI. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń tẹ ẹ̀rọ yìí láti bí ọdún méjì mẹ́ta láìmọ̀ pé ìlú Dallas tí a wà yìí gan-an ni olú ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wà. Mẹ́ta nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà nígbà kan rí ni wọ́n dá yunifásítì kan sílẹ̀ nítòsí wa, ní Richardson. University of Texas at Dallas ni orúkọ rẹ̀. UTD ni gbogbo wa ń pè é.

Mo fẹ́ sọ ìtàn yunifásítì yẹn fún yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í tán láàárín wa. Bí òbí Yorùbá mẹ́ta bá jókòó níbi ìnáwó, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: “Ọmọ mi ń ka ẹnjiníà.” “Tèmi ń ka kọ̀ǹpútà.” A mọ orúkọ àwọn yunifásítì sáyẹ́ǹsì ńlá, a mọ owó tí wọ́n ń gbà, a sì mọ máàkì tí wọ́n ń fẹ́. Ohun kan ni a kì í sábà béèrè: ta ló kọ́ wọn, kí ló sì ṣẹlẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ wọn?

Epo rọ̀bì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ní ọdún 1930, ọkùnrin méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ J. Clarence Karcher àti Eugene McDermott dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀. Geophysical Service ni wọ́n pè é. Iṣẹ́ wọn ni láti máa wá ibi tí epo rọ̀bì wà nínú ilẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ rántí bí ohùn yín ṣe máa ń padà wá bá yín bí ẹ bá kígbe níwájú òkè ńlá. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n á fi ohun abúgbàù dá ìró ńlá sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Ìró náà á lọ, á kan àpáta tó wà nísàlẹ̀, á sì padà wá sókè. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró tó padà wá náà, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti ka ìṣẹ́jú àáyá tí ìró náà lò ní àlọ àti àbọ̀, wọ́n á mọ bí àpáta ṣe jìn tó, wọ́n á sì lè sọ ibi tí epo lè fara pamọ́ sí.

Ní ọjọ́ 6, oṣù Kejìlá, ọdún 1941, McDermott àti àwọn mẹ́ta mìíràn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ra ilé-iṣẹ́ náà. Cecil Green àti Erik Jonsson wà nínú wọn. Ní ọjọ́ kejì gan-an ni Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, Amẹ́ríkà sì wọ ogun. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wá ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ tó ń wá ọkọ̀ ogun tó sá pamọ́ sábẹ́ omi. Nígbà tí ogun parí, wọn kò padà sẹ́yìn. Ní 1951, wọ́n sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà di Texas Instruments.

Ẹni tí kò rí họlidé gbà

Ní ìgbà ooru ọdún 1958, ẹnjiníà tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Texas Instruments. Jack Kilby ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo ilé-iṣẹ́ lọ fún họlidé, ṣùgbọ́n nítorí pé Kilby ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò tíì ní ẹ̀tọ́ sí họlidé. Ó kù síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀.

Ní àkókò náà, bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó gbọ́n, á kó ẹ̀yà kéékèèké jọ, á sì máa fi wáyà so wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀yà náà bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wáyà á pọ̀ jù, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Kilby bi ara rẹ̀ pé: kí ló dé tí a ò lè ṣe gbogbo ẹ̀yà náà pa pọ̀ lára ègé kan ṣoṣo? Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1958, ó fi ohun tó ṣe han àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Robert Noyce ní California náà ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni chip ti wá, èyí tó wà nínú fóònù yín, nínú ọkọ̀ tó gbé yín wá síbí, àti nínú ẹ̀rọ ìṣirò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde. Wọ́n fún Kilby ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Nígbà tí Kilby wà ní ọ̀dọ́, MIT ló fẹ́ lọ. Máàkì 500 ni wọ́n ń fẹ́ nínú ìdánwò ìwọlé. 497 ló gbà. Nítorí máàkì mẹ́ta, wọn kò gbà á. Ó gba University of Illinois lọ, ó kàwé rẹ̀, ó sì wá sí Dallas. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí a rántí èyí lọ́jọ́ tí lẹ́tà yunifásítì bá dé, tí kò sì rí bí a ṣe fẹ́.

Àìní ló bí ilé-ẹ̀kọ́

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: Kilby kì í ṣe ọmọ Dallas. Kansas ló ti dàgbà, ibòmíràn ló sì ti kàwé. Ohun tó ń dun àwọn tó ni Texas Instruments nìyẹn. Iṣẹ́ wọn ń fẹ́ àwọn tó kàwé jinlẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n òkèèrè ni wọ́n ti ń lọ kó wọn wá. Àwọn ọmọ Texas tó mọ̀wé gan-an ń kó ẹrù wọn lọ kàwé níbòmíràn, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í padà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ò rí nǹkan? Orin jápa tí a ń kọ nípa Nàìjíríà, Dallas ti kọ ọ́ rí.

Green, Jonsson àti McDermott kò jókòó ráhùn. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 1961, wọ́n dá ibi ìwádìí kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Graduate Research Center of the Southwest. Kò ní ilé tirẹ̀. Inú ilé ìkàwé sáyẹ́ǹsì ti Southern Methodist University, èyí tí a mọ̀ sí SMU, ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ra ilẹ̀ fún un ní Richardson, wọ́n sì ṣí ilé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1964. Founders Building ni wọ́n ń pe ilé náà di òní.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Francis Johnson, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ibẹ̀, ló darí iṣẹ́ ẹ̀rọ kan tó ń wọn ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tín-ín-rín tó wà lójú òṣùpá. Àwọn Apollo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí òṣùpá, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá wo òkè lálẹ́ òní, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Richardson wà lójú òṣùpá.

Ní 1969, àwọn tó dá a sílẹ̀ fi gbogbo rẹ̀ ta ìjọba ìpínlẹ̀ Texas lọ́rẹ. Gómìnà Preston Smith fọwọ́ sí òfin náà ní oṣù Kẹfà, nígbà tó sì di ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, ibi ìwádìí náà di UTD. Síbẹ̀, ẹni tó ti ní oyè àkọ́kọ́ nìkan ló lè wọlé. Ó di 1975 kí wọ́n tó gba àwọn tó wà ní ọdún kẹta àti ìkẹrin. Ní 1986 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi orúkọ Erik Jonsson pè. Ó di 1990 kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní high school tó lè wọ ibẹ̀. Láti 1961 sí 1990 jẹ́ ọdún 29. Ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kì í hù bí olú.

Ọpọlọ wà nílùú, ilẹ̀kùn ni kò ṣí

Ìtàn tó bá dùn lásán, tí kò ní egungun, kò tíì pé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1961 kan náà tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ń wá ọpọlọ kiri, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú 18 wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní àwọn ilé-ìwé ìjọba Dallas tó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun nìkan tẹ́lẹ̀. Méjìdínlógún péré, ní gbogbo ìlú. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sì ti dájọ́ láti 1954 pé kí wọ́n má ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ ní ilé-ìwé ìjọba nítorí àwọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rò ó wò. Ká ní ẹ wà ní Dallas lọ́dún náà, tí ẹ sì mọ ìṣirò ju gbogbo ẹgbẹ́ yín lọ, ta ni ì bá mọ̀? Wọ́n ní ọpọlọ kò tó nílùú. Ọpọlọ wà, ilẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́ ọn. Àwọn ọmọ 18 yẹn àti àwọn òbí tó fà wọ́n lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà wà lára àwọn tó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń lọ lónìí, bí wọn kò tilẹ̀ kọ orúkọ wọn sára ilé kankan.

Ọdún yẹn kan náà, nílé wa

Ẹ jẹ́ kí a ré òkun kọjá wàyí. Ohun kan tó jọ èyí ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní 1961, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Ní 1932, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yaba, l'Ékòó, wọ́n sì ṣí i lójú gbogbo ayé ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1934. Wọ́n ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣègùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò ní iyì kọjá ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ á di igbá kejì lábẹ́ òyìnbó, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Inú bí àwọn ará Èkó. Láti inú ìbínú yẹn ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní 1934. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí wà lára ohun tó kó àwọn baba wa sínú ìjà òmìnira.

Ní 1948 ni yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ University of London. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wọlé lọ́dún náà ń dàgbà. Níbo ni wọn yóò lọ bó bá yá?

Ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan ní 1959, lábẹ́ Eric Ashby, láti wo ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà. Ní 1960 wọ́n dá àbá pé kí wọ́n kọ́ yunifásítì tuntun sí àwọn agbègbè mìíràn, ṣùgbọ́n wọn kò fún Ìwọ̀-Oòrùn ní yunifásítì tirẹ̀, nítorí pé Ìbàdàn ti wà níbẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan kò gbà. Sanya Onabamiro ló ń jẹ́, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lórí àwọn ohun alààyè kéékèèké inú omi, irú èyí tó ń gbé àrùn sòbìà kiri. Ó kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ pé kí agbègbè kọ̀ọ̀kan ní yunifásítì tirẹ̀.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, ọdún 1961, ìgbìmọ̀ onígbà díẹ̀ tí òfin dá sílẹ̀ fún University of Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni ó fi tẹ̀ lé ti Dallas. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, akẹ́kọ̀ọ́ 244 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ṣé Ifẹ̀ ni wọ́n wà? Rárá o. Ìbàdàn ni, nínú ọgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ó di 1967 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe jọra: ilé-ẹ̀kọ́ méjì, ọdún kan náà, inú ilé onílé ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan náà ló sì bí wọn. Àwọn ènìyàn kan wo ọmọ wọn, wọ́n rí ohun tí wọn kò ní, wọ́n sì sọ pé àwọn kò ní dúró de ẹlòmíràn.

Afárá

Ẹ̀kọ́ yẹn so èso. Ní 1978, Akíntúndé Akínwándé gba oyè àkọ́kọ́ ní Ifẹ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Ó lọ sí Stanford, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1986, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, ilé-ẹ̀kọ́ tí kò gba Kilby wọlé.

Ọmọ Yorùbá mìíràn, Kúnlé Olúkọ̀tún, kàwé ní University of Michigan, ó sì ń kọ́ni ní Stanford láti 1991. Kilby kó ẹ̀yà púpọ̀ sójú ègé kan. Olúkọ̀tún wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn pé a lè kó ọpọlọ kọ̀ǹpútà púpọ̀ sínú chip kan ṣoṣo, kí wọ́n sì jọ máa ṣiṣẹ́. Nígbà tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ìmọ̀ náà, orúkọ wo ni ó fún un? Afara. Bẹ́ẹ̀ ni, afárá, èyí tí a fi ń kọjá odò. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan, Sun Microsystems, ra Afara ní 2002. Ní àárín àwọn ẹnjiníà California, ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kọ́ ní kíláàsì wa níbí ni wọ́n ń pè lójoojúmọ́.

Ẹni tí kò gbàgbé ilé

UTD náà ní ìtàn irú èyí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ti ọmọ Yorùbá. Aziz Sancar wá láti Savur, ìlú kékeré kan ní Tọ́kì. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n bí, òun sì ni ìkeje. Àwọn òbí rẹ̀ kò mọ̀wé kà. Ó di dókítà, ó sì wá sí Amẹ́ríkà láti ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì dí i lọ́wọ́, ó sì padà sílé. Kò jẹ́ kó sú òun. Ó tún wá ní 1973, Dallas ló sì dé sí. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní UTD ní 1977. Ohun tó ń wádìí ni bí ohun alààyè ṣe ń tún DNA rẹ̀ ṣe bí ìtànṣán oòrùn bá bà á jẹ́. Ìwádìí náà ló gbé ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015.

Kí ló ṣe pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ wúrà náà? Ó gbé e lọ sí Tọ́kì, ó fi í síbi tí wọ́n sin Atatürk, ẹni tó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀. Ní North Carolina tó ń gbé, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé kan sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tọ́kì àti fún àṣà Tọ́kì.

Kí ni tiwa nínú rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá wọ UTD lọ́la, tàbí MIT, tàbí Ifẹ̀, ẹ óò bá àga tí wọ́n ti tẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú jíjókòó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ló tẹ́ ẹ, àti pé owó ìwé nìkan kọ́ ni a fi ń san irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló jáde ní Ifẹ̀, ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó. Owó àwọn àgbẹ̀ kòkó wà nínú owó tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi kọ́ Ifẹ̀. Lónìí, Dallas tó ń sunkún nígbà kan pé ọmọ òun ń lọ ń jẹ àǹfààní ìmọ̀ tí wọ́n fi owó kòkó kọ́ wa. Àwọn mẹ́ta ní Dallas rí àìní ìlú wọn, wọ́n sì fi ilẹ̀ àti owó wọn dí i. Kí ni àwa ń fi ránṣẹ́ sílé? Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí èmi náà wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè ni mo ń béèrè.

Ohun kan ń tù mí nínú. Ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí náà, ọjọ́ ìsinmi la fi ń ṣe é. Àwọn òbí rí i pé èdè ń bọ́ lẹ́nu ọmọ, wọn kò sì dúró de ẹlòmíràn. Bí ilé ìkàwé SMU ṣe rí fún àwọn ti Richardson nìyẹn, bí ọgbà Ìbàdàn sì ṣe rí fún àwọn ti Ifẹ̀.

Iṣẹ́ ilé fún ọ̀sẹ̀ yìí: ẹ bi bàbá tàbí ìyá yín, tàbí kí ẹ pe màmá àgbà lórí fóònù, pé ilé-ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n lọ, ta ló san owó rẹ̀, àti kí ni ẹni náà fi sílẹ̀ kó tó lè san án. Ẹ kọ ìdáhùn náà ní ìlà márùn-ún, ní Yorùbá, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì. A ó kà á sókè.

Ó dàbọ̀.